Ẹ̀dọ̀ Kì í Pariwo: Ẹ̀rọ Tí Ń Wọn Líle Ẹ̀dọ̀

Nínú ìwé Èsékíẹ́lì orí 21, a kà nípa ọba Bábílónì tí ó dúró ní oríta, tí kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Lára ohun tí ó ṣe ni pé ó wo ẹ̀dọ̀ ẹran. Àwọn ará Bábílónì ìgbà náà a máa pa àgùntàn, wọn a yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọn a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò sọ ohun tí ń bọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ àfọ̀ṣẹ ni, àwa kò sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyè sí: ẹran náà ní láti kú kí wọ́n tó lè rí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí fún ọmọ ènìyàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Kò sí bí a ṣe lè mọ ipò tí ẹ̀dọ̀ alààyè wà dájúdájú láìjẹ́ pé a la ikùn rẹ̀, tàbí pé a fi abẹ́rẹ́ gígùn gún un.

A dúpẹ́ pé ọ̀ràn ti yàtọ̀ lónìí. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń gbé lé ìhà ọ̀tún ènìyàn, tí ó sì ń sọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe rọ̀ tàbí bí ó ṣe le tó. Kò la ara, kò sì fa ẹ̀jẹ̀. A fẹ́ kí gbogbo ìdílé tí ń ka ìwé yìí mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀ tí ó ń le kì í pariwo, ẹni tí kò bá sì tètè wọ̀n ọ́n lè má mọ̀ títí ọ̀ràn yóò fi bọ́ sórí.

ẸDỌ̀ ÀTI ÀPÁ INÚ RẸ̀

Àwọn kan nínú wa máa ń pa ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni a fi ń mí, inú àyà ni ó wà. Ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ó sì tó bíi kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ nínú àgbàlagbà. Òun ni ó ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ń ṣe òróòro tí ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ, òun náà ni ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́. Ìyá tí ó ń ra ẹ̀dọ̀ màlúù ní ọjà Bódìjà mọ bí ẹ̀dọ̀ tí ó dára ṣe ń rí: ó ń dán, ó sì rọ̀ lábẹ́ ìka.

Nígbà tí nǹkan bá ń pa ẹ̀dọ̀ lára lójoojúmọ́, ìbáà ṣe kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú, ìbáà ṣe ọtí líle, ìbáà ṣe ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ a máa gbìyànjú láti wo ara rẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n yóò fi àpá sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan àpá egbò tí ó ti pẹ́ ní orúnkún yín, ẹ ó rí i pé ó le ju awọ tí ó yí i ká lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti inú ẹ̀dọ̀. Bí àpá bá ń gun orí àpá fún 20 tàbí 30 ọdún, ẹ̀dọ̀ yóò le, yóò di kókó-kókó, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í lè gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní sìrósíìsì. Inú irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́dọ̀wú irú B lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ tó le.

Ohun tí ó burú ni pé inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ro ènìyàn; awọ tí ó bò ó ni ó mọ ìrora. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń le lè máa lọ síbi iṣẹ́, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí funfun ojú bá di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ bá dúdú bíi tíì, tí ikùn bá wú tí omi sì dúró sínú rẹ̀, tàbí tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀jẹ̀, ọ̀ràn ti pẹ́ nílẹ̀. Ìgbà náà ni ẹbí yóò máa sọ pé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, tàbí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí wọn yóò máa gbé àgbo kaná. Àwọn mìíràn yóò ní ọwọ́ ayé ni. Nínú iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, a ti jókòó ti opó tí ọkọ rẹ̀ kò tíì pé 50 ọdún, tí gbogbo àìsàn tí ojú rí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ohun tí ojú rí ní oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti wà nínú ẹ̀dọ̀.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KAN ÌDÍLÉ WA

Ní 2018, nígbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè wa ṣe ìwádìí ńlá káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ nípa kòkòrò HIV, wọ́n yẹ mẹ́dọ̀wú náà wò. Wọ́n rí i pé nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, ìdá 8.1 ni ó ní mẹ́dọ̀wú irú B, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hẹpatáítísì B, ìdá 1.1 ni ó ní irú C. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà nílé. Bí 200 àgbàlagbà bá jókòó nínú ìjọ kan ní Akóbọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí ìjọ náà bá sì rí bí orílẹ̀-èdè ṣe rí, nǹkan bí 16 nínú wọn ni ó ń gbé kòkòrò náà kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022, 254 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní mẹ́dọ̀wú B ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n 13 péré nínú 100 wọn ni àyẹ̀wò ti fi hàn.

Ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò yìí ń bá rìn jù. Ọmọ lè gbà á lọ́wọ́ ìyá nígbà ìbí. A lè gbà á láti inú abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹlòmíràn, láti inú abẹ́rẹ́ tí a ti lò, tàbí nípa ìbálòpọ̀. Jíjẹun pọ̀ àti bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í fà á. Bí ọmọ bá gbà á nígbà ìbí, nǹkan bí 9 nínú 10 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní í lè lé e jáde kúrò lára. Nínú àwọn àgbàlagbà tí ó gbà á, àwọn tí kò lè lé e jáde kò tó 5 nínú 100. Ìdí nìyí tí ẹni 40 ọdún fi lè ní kòkòrò tí ó ti bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gbé fún 40 ọdún.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ará ti ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn, àti nígbà tí ìjọ bá ní kí àfẹ́sọ́nà méjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó so wọ́n pọ̀. Ìwé àyẹ̀wò á dé, wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú wọn, ẹkún á bẹ̀rẹ̀, ẹbí kan á sì ní kí ìgbéyàwó dúró. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kedere. Ìgbéyàwó kò dàrú: ẹnì kejì tí kò ní kòkòrò náà lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò dáàbò bò ó. Ohun kan ṣoṣo sì ni ìwé yẹn sọ, pé kòkòrò wà. Kò sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà. Ènìyàn méjì lè mú ìwé kan náà wá, kí ẹ̀dọ̀ ọ̀kan rọ̀ bí ti ọmọdé, kí ti èkejì sì ti le bíi pákó. Ìtọ́jú wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ìbéèrè yìí ni ẹ̀rọ tí a ń wí wá dáhùn.

LÁTI ORÍ ỌWỌ́ DÉ ORÍ Ẹ̀RỌ

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà fi ń mọ líle ẹ̀dọ̀ ni ọwọ́. Wọn a tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tẹ píà àti ìbẹ́pẹ lọ́jà kí a tó sanwó. Ọwọ́ dókítà ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n egungun ìhà bo ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí àpá ti pọ̀ nínú rẹ̀ a sì máa sún kì, kí ó fara pamọ́ sókè níbi tí ìka kò dé.

Ohun kejì ni abẹ́rẹ́. Ní 1883, Paul Ehrlich, dókítà ará Jámánì, fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ jáde nínú ẹ̀dọ̀ alààyè. Ní 1958, Giorgio Menghini, ará Ítálì, kọ̀wé nípa ọ̀nà tí ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣì ń lo abẹ́rẹ́ yìí lónìí, ìbéèrè mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni ó lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú jáde kò ju bí ìdá kan nínú 50,000 ẹ̀dọ̀ lọ, ó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà sínú. Ta ni yóò gbà kí a máa gún òun bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún?

Ohun kẹta ni ẹ̀rọ. Ní 1991, Jonathan Ophir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa bí síkáànì, ẹ̀rọ kan náà tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún, ṣe lè wọn líle ẹran ara. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní elastography. Ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Echosens ṣe èyí tí ó wà fún ẹ̀dọ̀, tí a ń pè ní FibroScan, ó sì jáde ní 2003. Ní 2013, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i níbẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ líle ohun tí kò fọwọ́ kàn? Ẹ wo onílù dùndún. Bí ó bá dẹ ọṣán ìlù rẹ̀, awọ á rọ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Bí ó bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, ohùn á ròkè. Awọ kan náà ni, ọ̀pá kan náà ni ó fi ń lù ú; líle awọ ni ó yí ohùn padà, etí wa sì ń mọ̀ ọ́n láìfọwọ́ kan ìlù. Ẹ̀rọ yìí náà a máa ta ìhà ènìyàn pọ́n-ún díẹ̀. Títa náà a máa ràn wọ inú ẹ̀dọ̀, bí omi inú ọpọ́n ṣe ń ru nígbà tí a bá sọ òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Síkáànì á máa sáré tẹ̀ lé ìrusókè náà, yóò sì wọn bí ó ṣe yára tó. Nínú ẹ̀dọ̀ tí ó rọ̀, ó ń rọra lọ, ó fi díẹ̀ lé ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ẹ̀dọ̀ tí ó ti di sìrósíìsì, ó lè ju mítà méjì lọ. Ẹ̀rọ á wá sọ ìyára náà di nọ́ńbà líle tí a ń kọ ní kPa.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ẹni tí ó ń lọ kò gbọ́dọ̀ jẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́ta, nítorí pé lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ a máa ya wọ inú ẹ̀dọ̀, nọ́ńbà á sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ààwẹ̀ kékeré ni fún àwa tí a mọ ààwẹ̀ gbà. Yóò dùbúlẹ̀, yóò ká apá ọ̀tún sẹ́yìn orí kí àárín egungun ìhà lè ṣí. Wọ́n á fi nǹkan yíyọ̀ díẹ̀ pa ibẹ̀, wọ́n á gbé ẹnu ẹ̀rọ lé e, yóò sì máa ta á bí ẹni fi ìka ta ènìyàn. Ìgbà 10 ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, èyí tí ó bá wà láàárín nínú wọn ni wọ́n ń mú. Bí nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá jìnnà sí ara wọn jù, dókítà kò ní í gbẹ́kẹ̀ lé e.

Àwọn ẹni tí ó sanra àti àwọn ọmọdé ní ẹnu ẹ̀rọ tiwọn. Bí omi bá ti dúró sínú ikùn, FibroScan kò ní í lè kà á, nítorí pé títa náà kò lè gba inú omi kọjá. Obìnrin tí ó lóyún àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lára fún ọkàn gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú.

KÍ NI NỌ́ŃBÀ NÁÀ Ń SỌ?

Ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ le koko a máa wà ní nǹkan bí 5 kPa. Nínú ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kẹta 2024 fún àwọn tí ó ní mẹ́dọ̀wú B, bí nọ́ńbà bá ju 7.0 lọ, àpá inú ẹ̀dọ̀ ti tó ohun tí a ń torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí ó bá ju 12.5 lọ, sìrósíìsì ni a gbọ́dọ̀ rò. FibroScan lè kà dé 75.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nọ́ńbà náà túmọ̀ fún ara rẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wú gidigidi, bí ọkàn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ọ̀nà òróòro bá dí, tàbí bí ènìyàn bá ń mu ọtí, nọ́ńbà lè ga láìjẹ́ pé àpá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí ó kéré náà kò sì túmọ̀ sí pé kòkòrò ti lọ. Dókítà ni yóò gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ̀dọ̀ tí ó ti le lè rọ̀ padà. Oògùn tenofovir, tí a ń lò lójoojúmọ́, a máa tẹ mẹ́dọ̀wú B lórí ba, bí kò tilẹ̀ lé e jáde tán. Ní 2013, Patrick Marcellin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa 348 ènìyàn tí wọ́n lo oògùn yìí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi mú nínú ẹ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nínú wọn, 96 ni ó ní sìrósíìsì ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 71 nínú àwọn 96 yìí kò ní i mọ́.

BÍ KÓKÓ BÁ WÀ NÍBẸ̀ ŃKỌ́?

Irú FibroScan yìí kì í ya àwòrán ẹ̀dọ̀, líle rẹ̀ ni ó ń sọ. Irú mìíràn wà tí wọ́n kọ́ mọ́ inú síkáànì tí ń yàwòrán. Bí dókítà bá rí kókó nínú ẹ̀dọ̀, ó lè darí ẹ̀rọ sí orí kókó náà, kí ó wọn líle rẹ̀ lọ́tọ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi á sì fi ibi tí ó le àti ibi tí ó rọ̀ hàn.

Kókó jẹjẹrẹ sábà máa ń le ju kókó tí kò léwu lọ. Síbẹ̀, a kò lè fi líle nìkan dájọ́. Jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè rọ̀ ju ẹ̀dọ̀ sìrósíìsì tí ó yí i ká lọ, kókó tí kò léwu náà sì lè le. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ yìí nìkan ti fi hàn pé kókó kan jẹ́ jẹjẹrẹ tàbí pé kì í ṣe é, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò mìíràn: àwòrán CT tàbí MRI tí a fi oògùn sí iṣan yà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ bí dókítà bá ní ó yẹ. Ibi tí wíwọn líle ti wúlò jù nípa jẹjẹrẹ ni pé ó ń fi ẹni tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ hàn. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbọ́dọ̀ máa ṣe síkáànì ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí a lè rí kókó nígbà tí ó ṣì kéré tí a ṣì lè ṣe nǹkan sí i.

BÍ Ẹ̀RỌ KÒ BÁ SÍ NÍTÒSÍ

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní ẹ̀rọ yìí. Kí èyí má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìṣirò kan wà tí a ń pè ní APRI, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tí ó wọ́pọ̀ ni ó sì nílò: AST àti platelet. A ó fi òkè ìwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò kọ pín AST; a ó fi platelet pín ohun tí ó bá jáde, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ká ní AST jẹ́ 80, òkè ìwọ̀n jẹ́ 40, platelet sì jẹ́ 100 lórí ìwé. 80 tí a fi 40 pín jẹ́ 2. 2 tí a fi 100 pín, tí a sọ di ìlọ́po 100, jẹ́ 2. Bí ó bá ju 0.5 lọ, àpá ti tó ohun tí a ń tọ́jú; bí ó bá ju 1 lọ, a ó máa rò ó pé sìrósíìsì ni. Ẹ gbé e lọ bá dókítà.

Ẹ má sì ṣe rò pé ohun òyìnbó lásán ni ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2011, iṣẹ́ ìwádìí tí a ń pè ní PROLIFICA wáyé ní Gambia, ní Senegal àti ní ìlú Jos níhìn-ín. Ní Gambia, wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn ní àdúgbò wọn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún mẹ́dọ̀wú B, wọ́n sì fi FibroScan wọn ẹ̀dọ̀ àwọn tí ó ní i. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé a lè ṣe é ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

KÍ NI KÍ ÌDÍLÉ ṢE?

Èkínní, kí olúkúlùkù yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún mẹ́dọ̀wú B àti C. Bí ó bá wà lára ẹnì kan nínú ilé, kí gbogbo ilé lọ, ìyá àti àwọn ọmọ tí ó bí pàápàá.

Èkejì, kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí 24 tí a bí i. Láti 2004 ni ó ti wà lára abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ wa. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìkómọjáde.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí kòkòrò wà lára rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà pé, “Báwo ni líle ẹ̀dọ̀ mi ṣe tó?” Àwa tí a wà ní Akóbọ̀ kò jìnnà sí UCH, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú ní Ìbàdàn sílẹ̀ láti 1960, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì wà lára èyí tí ń yọ ọkùnrin lẹ́nu jù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yàgò fún ọtí, ẹ má sì da àgbo tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí ẹ̀dọ̀ tí ó ti ń ṣàárẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé kan tí a ń pè ní aflatoxin wà nínú rẹ̀, bí òun àti mẹ́dọ̀wú B bá sì pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan, ewu jẹjẹrẹ ń pọ̀ gan-an.

Ẹ̀karùn-ún ni ti ìgbàgbọ́ wa. Àwọn ará kan ti jẹ́rìí pé a ti wo àwọn sàn, wọ́n sì da oògùn nù. Ẹ rántí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú ìwé Lúùkù orí 17: Jésù fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, àwọn tí òfin fún láṣẹ láti yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀rí tòótọ́ kì í sá fún àyẹ̀wò. Kí ẹni tí ó gbà pé a ti wo òun sàn padà lọ wọn ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí dókítà sì jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé kí ó dá oògùn dúró, nítorí pé bí a bá ṣàdédé dá a dúró, kòkòrò lè jí padà kí ó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá ilé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣe yín. Nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ìyàwó yín lọ́wọ́, kí ẹ jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kí Olúwa pa ilé wa mọ́, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí ń gbọ́ràn.